Ẹni Tó Pẹ́ Kọjá Ọjọ́ Físà: Ìsádi Lọ́tọ̀, Ìwé Ẹbí Lọ́tọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ sókè ni. Bí wọ́n bá bi ìyá kan pé, “Ọmọ yín tó wà ní London ńkọ́?” á ní, “Ó wà dáadáa, a dúpẹ́.” Kò ní fi kún un pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọmọ náà kò ti lè wálé, nítorí ọjọ́ tí wọ́n fún un ti kọjá, kò sì ní pépà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn kan nínú wọn ń gbèrò láti tọrọ ìsádi, èyí tí àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún ń pè ní ásáílọ́ọ̀mù. Àwọn mìíràn ń wo ọ̀nà ẹbí, pé kí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ tó jẹ́ ọmọ onílùú bá wọn gba ìwé ìgbélùú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ títí: ẹni tó pẹ́ kọjá ọjọ́ físà kò tíì sọnù. Ohun tó ń sọ ọ́ nù ni kó mú ọ̀nà kan fún èkejì, kó jẹ́ kí ọjọ́ lọ lórí òtítọ́ tó ní lọ́wọ́, tàbí kó fi irọ́ dí àlàfo. Àwa tí a wà nílé sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. Bí ìlú kan bá wà tí kò yẹ kó fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó ń sá wá ààbò, Abẹ́òkúta ni. Ogun ló kó àwọn baba ńlá wa jọ sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, nígbà tí àwọn ìlú inú igbó Ẹ̀gbá ti tú, Ṣódẹkẹ́ sì ni aṣáájú wọn. Ní 1834, àwọn ará Òwu tí ogun ti fọ́ ìlú tiwọn náà dé, wọ́n sì rí ibi tẹ̀ dó sí. Láti nǹkan bí 1839, àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, àwọn tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Nígbà tó di October 1867, tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, ìyẹn ìgbà tí wọ́n fọ́ ilé àwọn Kristẹni, àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá ló kúrò nílùú yìí lọ sí Èbúté Mẹ́ta, Gómìnà Glover sì fún wọn nílẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí. Ẹ má sì gbàgbé Wọlé Sóyínká, ọmọ tí a bí ní Abẹ́òkúta níbí, tó gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ bọ́ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní November 1994 nígbà ìjọba Abacha. A ti gba ẹni tí ogun lé sílé, àwa náà sì ti sá tọ ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí: ẹni tó ń lé wọn ní orúkọ, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni òfin àgbáyé dúró lé. Àdéhùn Geneva ti 1951 lórí ọ̀rọ̀ àwọn asásàálà, pẹ̀lú àfikún rẹ̀ ti 1967, ni ìpìlẹ̀, Nàìjíríà náà sì ti wọ inú àdéhùn ọ̀hún láti 1967. Àdéhùn yìí kò béèrè bóyá ìyà ń jẹ ènìyàn. Ohun tó ń béèrè ni pé: ta ló ń lé ọ, kí sì nìdí? Ìdí márùn-ún péré ló mọ̀: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá, èrò òṣèlú, àti wíwà nínú àwùjọ kan pàtó tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe ènìyàn níbi. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á béèrè bóyá ìjọba ilé rẹ kò lè dáàbò bò ọ́, àti bóyá kò síbi mìíràn nínú orílẹ̀-èdè rẹ tí o lè kó lọ. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí le gan-an fún ọmọ Nàìjíríà. Bí ẹnì kan bá ní àwọn ìbátan òun ní Odẹ́dá ń halẹ̀ mọ́ òun nítorí oyè tàbí nítorí ilẹ̀, adájọ́ máa bi í pé kí ló dé tí kò fi kó lọ sí Ìlọrin tàbí Calabar. Bí kò bá ní èsì, ẹjọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ìgbà sì tún wà níbẹ̀. Láàárín 1994 sí 1998, ẹni tó bá sọ pé ìjọba ológun ń lé òun nítorí ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé ní ẹ̀rí tí gbogbo ayé ń rí: M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá, wà ní àtìmọ́lé títí ó fi kú ní July 7, 1998, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Sóyínká ní March 1997 nígbà tí kò sí nílé. Ṣùgbọ́n Abacha kú ní June 8, 1998, Sóyínká wálé ní October ọdún náà, ìjọba alágbádá sì dé ní May 29, 1999. Ìtàn tó jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára ní 1996 kò lè dá dúró mọ́ ní 2000, nítorí ewu tó wà níwájú ni òfin ń wò, kì í ṣe ìyà àná nìkan.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé, “Ṣé ebi kì í lé ènìyàn ni? Ọmọ tó kàwé gboyè, tí kò ríṣẹ́, tí owó oṣù bàbá rẹ̀ kò lè ra àpò ìrẹsì, ṣé a kò lè sọ pé wọ́n ń lé e ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ebi lè lé ènìyàn jìnnà ju ìbọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé àwa náà kò ka ebi sí nígbà tó kan àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é sí wa: ní November 18, 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jáde. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó palẹ̀ ẹrù mọ́, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ní January 1983, ìjọba Ṣàgàrí náà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà, àwọn ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Títí dòní, orúkọ wọn la fi ń pe báàgì kan. Nínú ìtàn méjèèjì, kò sẹ́ni tó béèrè ìtàn ebi lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìwé ni wọ́n béèrè. Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ ká fi orúkọ ìsádi bo ebi mọ́lẹ̀: bí gbogbo ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ bá ń kígbe pé wọ́n fẹ́ pa òun, ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ní tòótọ́ bá kígbe, wọn kò ní gbà á gbọ́. Ẹni tí ebi ń lé ní ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀nà iṣẹ́, ọ̀nà ẹ̀kọ́, ọ̀nà ẹbí. Wọ́n há, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ kò lè mú wọn gbòòrò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ ọjọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà láìmọ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sára físà jẹ́ ọjọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ jáde. Ní Amẹ́ríkà, físà kàn jẹ́ ìwé tí a fi ń kan ilẹ̀kùn ni. Òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n tó gbà ọ́ wọlé ní pápákọ̀ òfuurufú ló ń dá ọjọ́ tí wàá lò. Oṣù 6 ló sábà máa ń jẹ́ fún àlejò, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ohun tí wọ́n ń pè ní I-94. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, bí físà àlejò tilẹ̀ jẹ́ ti ọdún 10, oṣù 6 ni àlejò sábà máa ń lò lẹ́ẹ̀kan. Wàyí o, òfin Amẹ́ríkà ti 1996, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 1, 1997, sọ pé kí ẹni tó ń wá ìsádi kọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọdún kan láti ọjọ́ tó wọlé, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ààyè rẹ̀ tán. Nítorí náà, ẹni tí oṣù 6 rẹ̀ ti tán, tó wà ní oṣù kẹjọ, ṣì wà láàárín àkókò. Ẹni tó ní kí òun kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí òun wo bí ìlú ṣe rí, tó wá jí ní ọdún kẹta, ti pàdánù rẹ̀. Àfi bí ó bá lè fi hàn pé àìsàn ńlá ló dè é mọ́lẹ̀, tàbí pé ọmọdé ni òun nígbà náà, tàbí pé òun ṣì ní ààyè tó bófin mu, tàbí pé nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nílé, kó sì tètè kọ̀wé bí ìdènà náà ṣe kúrò. Ààbò mìíràn wà tí kò ní gbèdéke ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ wúwo jù, kì í sì í yọrí sí gírìn-káàdì, ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí títètè sọ̀rọ̀ lè ṣe, ẹ wo ọmọbìnrin ará Tógò kan, Fauziya Kassindja, ẹni tó kọ ìwé nípa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó sá kúrò nílé nítorí wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún un, kí wọ́n sì fi í fún ọkọ tí kò fẹ́. Ìwé ìrìnnà ẹlòmíràn ló gbé dé pápákọ̀ Newark ní December 1994, ọmọ ọdún 17 sì ni. Ohun tó ṣe nígbà tó dé iwájú òṣìṣẹ́ ni pé ó sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ní ìwé náà kì í ṣe tòun, ààbò ni òun ń wá. Wọ́n tì í mọ́lé ju ọdún kan lọ. Ìyà náà pọ̀. Ṣùgbọ́n ní June 1996, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ àlejò ní Amẹ́ríkà dá a láre, ẹjọ́ náà sì di àwòkọ́ṣe fún àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e. Ìwé ẹlòmíràn tó gbé kò pa á, nítorí òtítọ́ tètè dé lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí òun bá ti dárúkọ abẹ́ dídá, ó parí. Láti 2015 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ṣòfin lòdì sí i, àwọn ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Adájọ́ máa béèrè ìdí tí òfin yẹn kò fi lè gbà ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní tòótọ́ máa ní èsì, nítorí òfin inú ìwé lè má dé ojúde ilé. Ẹni tó yá ìtàn ẹlòmíràn lò ni kò ní rí nǹkan sọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi gbèdéke ọdún kan sí i, ìdí nìyí tí àwọn kan fi rò pé kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Òfin 2004 wọn sọ pé kí adájọ́ ka ìdádúró tí kò nídìí sí ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ ènìyàn jẹ́, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí ọwọ́ Home Office, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò, tẹ̀ ẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ẹ̀mí òun wà nínú ewu. Láti December 2005 pẹ̀lú ni wọ́n ti fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí ibi tí ewu kò ti pọ̀, fún àwọn ọkùnrin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọkùnrin ọmọ Nàìjíríà bá tọrọ ìsádi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n lè sọ pé kò lórí kò nídìí, kó má sì ní ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́ tako ìpinnu náà. Nítorí náà, ìtàn tí aṣojú kan tà fún ọkùnrin mẹ́wàá ní Peckham kò ní gba ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn là.

Ọ̀nà ẹbí yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, wọn kì í béèrè ẹni tó ń lé ọ. Ẹni tó ni ọ́ ni wọ́n ń béèrè. Òfin Amẹ́ríkà ya àwọn kan sọ́tọ̀: ọkọ tàbí ìyàwó ọmọ onílùú, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 21 tí kò sì tíì ṣègbéyàwó, àti òbí ọmọ onílùú tó ti pé ọdún 21. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba ẹnu ibodè wọlé, tí òṣìṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò tó sì gbà á, òfin lè fojú fo ọjọ́ tó fi pẹ́ jù, kó sì gba gírìn-káàdì láìkúrò nílùú. Àánú ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ààlà, kì í sì í ṣe dandan kí òṣìṣẹ́ ṣe é. Bí ọkọ bá jẹ́ oní-gírìn-káàdì tí kò tíì di ọmọ onílùú, àánú yìí kò dé ọ̀dọ̀ ìyàwó. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ló ń bá ènìyàn tọrọ, kò dé ibẹ̀ náà. Ẹni tó gba inú aṣálẹ̀ Mexico wọlé, tí òṣìṣẹ́ kankan kò rí, kò sí lára wọn. Ewu tó tóbi jù wá rèé: ẹni tó ti pẹ́ ju ọjọ́ 180 lọ, tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ọdún 3 ni kò ní lè padà wọlé. Bí ó bá ti pé ọdún kan, ọdún 10 ni. Ìyà yìí kì í bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tó bá jáde. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sọ fún ọmọ pé, “Wálé kí o wá gba físà rẹ lọ́nà ẹ̀tọ́,” inú rere ni ẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá. Ìdáríjì wà lóòótọ́, fún ẹni tí ọkọ, ìyàwó tàbí òbí rẹ̀ tó ní ìwé níbẹ̀ máa jìyà tó kọjá ààlà, àmọ́ kí lọ́yà wò ó kí ọmọ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní July 9, 2012, ẹni tó ti pẹ́ kọjá ọjọ́ kì í sábà rí ọ̀nà ọdún 5 tí àwọn ọkọ àti ìyàwó ń gbà. Ohun tó lè mú un dúró ni ọmọ tó jẹ́ ọmọ onílùú, tàbí ọmọ tó ti gbé níbẹ̀ fún ọdún 7, tí kò bọ́gbọ́n mu láti ní kó kúrò. Tàbí kí ọkọ tàbí ìyàwó jẹ́ ẹni tí kò ṣeé ṣe rárá kó bá a lọ gbé níbòmíràn. Nígbà náà, ọ̀nà ọdún 10 ni wọ́n máa fi í sí. Òfin 2014 tún sọ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n má ka ìfẹ́ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò ní ìwé sí bàbàrà. Àṣìṣe àtijọ́ kan sì wà tí a gbọ́dọ̀ gbàgbé: láti January 1, 1983, ọmọ tí a bí sí London kì í di ọmọ onílùú nítorí pé a bí i síbẹ̀. Ó di dandan kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke ọjọ́ tàbí kó jẹ́ ọmọ onílùú. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ síbẹ̀ ní 1979 lè máa fi ọgbọ́n ìgbà yẹn gba aboyún òní nímọ̀ràn, kó sì ṣì í lọ́nà.

Ibi tí ọ̀nà ẹbí ti ń ṣòro jù fún Yorùbá ni pé ohun tí a ń pè ní ẹbí kọ́ ni wọ́n ń pè ní ẹbí. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ mi ni. Ọmọ tí mo tọ́ láti kékeré, ọmọ mi ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀ lójú wa. Ṣùgbọ́n lórí fọ́ọ̀mù wọn, ọmọ ni ẹni tí o bí, tàbí tí o gbà ṣọmọ lọ́nà òfin, tàbí ọmọ tí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ bí kó tó fẹ́ ọ. Bí o bá kọ ọmọ àbúrò sílẹ̀ bí ọmọ bíbí, tí wọ́n ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò DNA, ohun tó jẹ́ àánú nílé yóò di èrú lọ́hùn-ún. Ìgbéyàwó náà ńkọ́? A lè ṣe ìdáná ní Aké kí ọkọ má sí níbẹ̀, kí fọ́tò rẹ̀ jókòó sórí àga, kí ìyàwó kúnlẹ̀ fún àna, kó sì di ìyàwó lójú gbogbo Ẹ̀gbá. Òfin Amẹ́ríkà kò mọ ìgbéyàwó tí tọkọtaya kò pàdé níbẹ̀, àfi bí wọ́n bá sùn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí lọ́kọ-láya lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù nílé, kì í ṣe dídá owó orí padà ló ń tú u. Ilé ẹjọ́ gíga ló ń tú u. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ ẹlòmíràn lókè òkun, ìgbéyàwó kejì kò dúró, ìwé tó bá sì gbà lórí rẹ̀ wà lórí iyanrìn.

Àwọn kan á ní, “Ìgbéyàwó jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín ènìyàn méjì. Kí ló kan Ìmígíréṣọ̀n tó ń béèrè bẹ́ẹ̀dì tí a sùn lé?” Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa gan-an kò gbà láyé pé ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni. Alárinà wà, a sì máa ń rán ènìyàn lọ wádìí ilé àna: ṣé wọn kì í jalè, ṣé àrùn ìdílé kò sí níbẹ̀, ṣé ọkùnrin náà kò ní ìyàwó sílé? Ìwádìí kan náà ni òṣìṣẹ́ yẹn ń ṣe, ó kàn jẹ́ pé kò mọ ẹnikẹ́ni tó lè rán lọ sí Ìjàyè. Nítorí náà, àwọn àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé ló ń wò: ilé tí ẹ jọ gbé, owó tí ẹ jọ ná, àwọn tó mọ̀ yín. Ìgbéyàwó àrẹ́ńjì, tí a fi owó rà, kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ọdún 2 ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún 2, kí wọ́n tún lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 àti owó ìtanràn tó lè tó $250,000 ló wà fún ẹni tó ṣe èrú, wọn kì í sì í fọwọ́ sí ìwé ẹbí mìíràn fún un mọ́, bó tilẹ̀ fẹ́ ìyàwó gidi lẹ́yìn náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè fa ọjọ́ ìkéde ìgbéyàwó láti 28 sí 70 kí wọ́n fi ṣèwádìí. Bákan náà ni ìsádi: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kó ìtàn èké jọ ní Amẹ́ríkà lè pàdánù gbogbo àǹfààní ìwé ìgbélùú títí ayé. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó pẹ́ jù ṣì lè rí ìdáríjì lọ́nà ẹbí. Ẹni tó purọ́ ti ba ọ̀nà méjèèjì jẹ́.

Ibi tí àwa ará ilé ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ìwé tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, láti ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lọ: ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìbúra kóòtù, lẹ́tà baálẹ̀, ìwé àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ọmọ bá pè pé kí ẹ bá òun búra pé àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn wá dáná sun ilé, tí ilé náà sì dúró gbọnyin, ìrànlọ́wọ́ kọ́ ni ẹ fẹ́ ṣe fún un. Wọ́n lè rán ènìyàn wá wò ó. Ọjọ́ ìbí tí ẹ yí lọ́dún yìí lè tako èyí tó wà lórí ìwé ẹ̀rí WAEC àti èyí tó fi gba físà àkọ́kọ́, ìka tó tẹ̀ nígbà náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Irọ́ mìíràn tún wà tó dà bí ọgbọ́n: kí ọkọ tó ní ìyàwó nílé kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò níyàwó. Ẹni tí Amẹ́ríkà bá fún ní ìsádi lè mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé 21 wá, bí ó bá kọ̀wé láàárín ọdún 2. Báwo ló ṣe fẹ́ mú ẹni tó ti búra pé kò sí wá?

Àtakò tó kù ni ti àwọn tó ní, “Kí ènìyàn rọra fara pamọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n máa dárí ji gbogbo ayé.” Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà fún ẹni tó ti lo ọdún 20 níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń lọ ni òfin ń há sí i. Ní March 1994, ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, adájọ́ kan dá ìdápadà obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan dúró, nítorí kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí a bí sí Amẹ́ríkà má baà bá a wálé kí wọ́n dá abẹ́ fún wọn. Ọdún 7 ni òfin ìgbà náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ irú àánú yẹn. Òfin 1996 pa á rẹ́, ó fi ọdún 10 dípò, ó mú ìnira tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi hàn le sí i, ó sì ní iye tí wọ́n lè fún lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ju 4,000 lọ. Ní December 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà kéde pé òun dí físà ìbẹ̀wò, ti ẹ̀kọ́ àti ti ìgbélùú fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀kan nínú ìdí tó sì kà ni iye àwọn tó pẹ́ kọjá ọjọ́: ó lé ní 5 nínú àlejò 100, ó lé ní 11 nínú akẹ́kọ̀ọ́ 100. Ẹni tó fara pamọ́ kò fara pamọ́ fún kọ̀ǹpútà. Láàárín àsìkò náà, bàbá á kú nílé, àkọ́bí kò ní lè wá da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Bí a bá ń ṣírò owó tó ń fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò ìyẹn mọ́ ọn.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wá lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe aṣojú inú ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe wòlíì, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí tirẹ̀ bọ́ sí i. Kó sọ gbogbo òótọ́ fún un, títí kan irọ́ tó ti pa tẹ́lẹ̀, nítorí èyí tí lọ́yà mọ̀ ló lè tún ṣe. Kó má ṣe jáde nílùú kó tó béèrè. Kó yan ọ̀nà tó bá ìgbésí ayé rẹ̀ mu: bí ó bá ní ẹni tó ń lé e, ìsádi, bí ó bá ní ẹni tó ni ín, ọ̀nà ẹbí, bí kò bá sì ní ọ̀kan nínú méjèèjì, kó fi ọgbọ́n gbèrò bó ṣe máa wálé, kí àwa náà má fi ẹnu pa á nígbà tó bá dé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ọmọ bá pè lálẹ́ òní, ẹ má kọ́kọ́ béèrè owó. Ẹ bi í pé, “Ọjọ́ wo lo wọlé, ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí o jáde?” Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.